Owó Ìlú Lórí Yàrá Kan: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àtúnṣe Ilé Oníyàrá

Láàárín ọgbọ̀n ọdún péré, ìlú New York ṣe ohun mẹ́ta tó tako ara wọn lórí irú ilé kan ṣoṣo. Ilé tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ti ń yá yàrá kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ará ilé jọ ń lo balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kíṣìnnì níbi tó bá ti wà. Lọ́dún 1955, ìlú náà fi òfin de kíkọ́ irú rẹ̀ tuntun, torí àwọn aláṣẹ kà á sí ibùgbé tí kò yẹ èèyàn. Nígbà tó di àárín ẹ̀wádún 1970, wọ́n wá ń fi ẹ̀dínwó owó orí tí wọ́n ń pè ní J-51 ran onílé lọ́wọ́ láti tú àwọn yàrá náà ká, kó sì sọ wọ́n di fúláàtì olówó gọbọi. Lọ́dún 1985, wọ́n yí ohùn padà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú yàrá ká mọ́. Nínú nǹkan bí 200,000 yàrá tó wà nílùú náà ní ẹ̀wádún 1950, èyí tó lé ní 100,000 ti lọ kí òfin náà tó dé. Ní 1981, àdéhùn ilé ẹjọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Callahan ti so ó mọ́ ìlú náà lọ́rùn pé dandan ni kó pèsè ibùsùn fún ọkùnrin aláìnílé tó bá béèrè. Ẹ wo bí owó ṣe rìn. Owó orí tí ìlú yọ̀ǹda fún onílé ló fi lé ayálégbé síta, àpò ìlú kan náà ló sì tún ń sanwó ibùsùn tí ẹni tí wọ́n lé náà ń sùn sí nínú gbọ̀ngàn àwọn aláìnílé. Nígbà tí wọ́n wá fún òfin náà ní eyín ní 1987, pé kí onílé tún yàrá tó ti bàjẹ́ ṣe, kó sì yá a fáyé, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e ní 1989 nínú ẹjọ́ Seawall, pé ìjọba ò lè di ẹrù bẹ́ẹ̀ lé onílé lórí láìsan nǹkan kan fún un.

Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, pé ṣé ó yẹ kí ìjọba náwó lórí irú ilé yìí, ti kọjá ìbéèrè. Ìjọba ń náwó lórí rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó ń ná an láti fi wó o, láti fi tú u ká, tàbí láti fi bójú tó àwọn tí wíwó rẹ̀ sọ di aláìnílé. Ohun tó kù tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ni owó náà ń rà. Ìdáhùn tèmi nìyí: kò yẹ kí kọ́bọ̀ kan kúrò lápò ìlú fún àtúnṣe ilé oníyàrá àyàfi tó bá ra ohun méjì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni yàrá tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ni àdéhùn tí òfin lè gbé ró pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó yàrá náà kò ní ju agbára irú ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí lọ. Ìjọba tó bá ra ti àkọ́kọ́ nìkan, owó tí wọ́n fi ń lé ayálégbé ló san yẹn, kódà tó bá pe orúkọ rẹ̀ ní ìrànwọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Face-me-I-face-you tó wà ní Mushin, ní Àjegúnlẹ̀ àti káàkiri Ìbàdàn, chawl tó wà ní Mumbai, hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá ní Vancouver, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ní ti face-me-I-face-you tiwa, ọ̀nà kan ní àárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, omi àti ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé. Àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ti tọpa ọ̀nà àárín yẹn dé ilé àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ilé wọn ní pálọ̀ gbọọrọ tó gba àárín kọjá. Ilé ọlọ́lá ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ti ayálégbé. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ni òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, opó, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, alájàpá, olùṣọ́ òru, ìdílé tí ọmọ mẹ́rin ń sùn sórí ẹní kan. Bí yàrá yẹn bá lọ, kò sí ilé mìíràn tó rẹlẹ̀ sí i tí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ sí, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ tó ti kú àti abẹ́ afárá.

London ló ti san owó ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé lórí ọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé gìrìwò tó wà ní Notting Hill àti Paddington ti di ilé tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ireland, àwọn ará Caribbean àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ kàwé tàbí wáṣẹ́ ti ń rí ibi forí pamọ́ sí, torí ọ̀pọ̀ onílé níbòmíràn ló ń kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí òfin ilé gbígbé ti ọdún 1969 jáde, ìjọba fi kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún onílé láti fa omi wọlé, láti ṣe balùwẹ̀, láti tún ògiri àti òrùlé ṣe. Kò sẹ́ni tó lè bú èrò yẹn. Àmọ́ òfin náà kò béèrè ẹni tí yóò gbé inú ilé náà lẹ́yìn àtúnṣe, kò sì béèrè iye tí yóò máa san. Ní Barnsbury tó wà ní Islington, àti ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, àwọn oníṣòwò ilé ra ilé tó kún fún ayálégbé, wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ tàbí ìhàlẹ̀ kó wọn jáde, wọ́n gba owó ìjọba, wọ́n kun ilé, wọ́n sì tà á fún olówó. Bí ilé ṣe ń dára sí i ni àwọn tí wọ́n torí wọn tún un ṣe ń dín kù nínú rẹ̀. Ariwo pọ̀ títí òfin ọdún 1974 fi dé, tó ní bí ìlò ilé náà bá yà kúrò nínú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbowó kí ọdún márùn-ún tó pé, onílé lè dá owó padà. Ọdún márùn-ún! Onílé tó bá lè mú sùúrù títí ọmọ tó bí lọ́dún tó gbowó yóò fi wọ ilé ìwé ti bọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìjọba kúkú kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí onílé fi owó ara rẹ̀ tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ìbá wọlé bí owó tí yàrá ń mú wá bá tó tún yàrá ṣe. Kò tó. Ìdí tí owó yàrá fi kéré náà ni ìdí tí ilé fi ń bàjẹ́: ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò lówó. Onílé tó ní yàrá mẹ́wàá lè fi owó ilé ọdún kan kun ara ògiri, àmọ́ kò lè fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kó ṣe sọ́kàwéè tuntun, kó sì pààrọ̀ wáyà iná tó ti wà lára ògiri láti ogójì ọdún. Báńkì kì í yá a lówó, torí ilé ẹbí ni, tàbí torí pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ. Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́kù fún un: kó máa gba owó ilé lórí ohun tó ń jẹrà, tàbí kó ta ilẹ̀ fún ẹni tí yóò wó o. Òfin tó kàn ní kó má wó o, láìfún un ní nǹkan, kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. A rí èyí ní Èkó gan-an. Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Tinúbú, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Orúkọ ńlá ni, àmọ́ owó àtúnṣe kò bá orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ ẹbí tó ni ilé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀.

Mumbai gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá, ìtàn tirẹ̀ ló sì le jù fún èmi tí mò ń gbèjà owó ìlú. Òfin owó ilé ti ọdún 1947 ti dá owó yàrá dúró sí iye tó jẹ́ ní 1940, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Nígbà tó yá, owó tí ìdílé kan ń san lóṣù ní ọ̀pọ̀ chawl kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan. Onílé pa ilé tì. Ní 1969, lẹ́yìn tí ilé ti wó léraléra, ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ilé sílẹ̀, wọ́n ń gba owó orí pàtàkì lórí àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí, àwọn tó lé ní 19,000, wọ́n sì ń fi owó yẹn pẹ̀lú owó ìjọba gbé òpó dìde, wọ́n ń pààrọ̀ igi àjà. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì gbà là. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ilé kan wó ní àdúgbò Bhendi Bazaar, ó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni àdúgbò náà wà lára ibi tí wọ́n ti ń mú ètò àtúnkọ́ lọ. Kí ló fa èyí? Mumbai ra àdéhùn lórí owó yàrá, ó rà á ní kíkún, àmọ́ ó mú owó náà rẹlẹ̀ débi pé ilé kò lè fi ohun tó ń mú wá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láéláé. Owó àtúnṣe wá dà bí omi tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò tó jò. Nítorí náà, àdéhùn tí mò ń pè fún kì í ṣe pé kí owó yàrá dúró sójú kan. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú, kó tó san owó omi, owó kíkó ìdọ̀tí, owó ẹni tó ń bójú tó ilé, kí ó sì ku nǹkan sílẹ̀ fún òrùlé ọ̀la. Owó ìlú ni yóò gbé ẹrù ńlá tó ti kó jọ láti ẹ̀yìn wá. Owó yàrá ni yóò máa gbé ti ojoojúmọ́.

Vancouver ní Kánádà kọ́ wa ní apá tó kù. Ní 2003, ìlú náà ṣe òfin pé onílé kò lè wó yàrá olówó pọ́ọ́kú tàbí kó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ní àárín ìlú láìgba àṣẹ, ó sì lè ní láti sanwó lórí yàrá kọ̀ọ̀kan tó bá bá a lọ. Yàrá dúró. Àmọ́ òfin British Columbia, ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà, so ìdíwọ̀n owó ilé mọ́ ayálégbé tó wà nínú yàrá, kò so ó mọ́ yàrá, torí náà ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá kó jáde ni onílé lè bu owó tó wù ú lé ẹni tó kàn. Ní òpin 2021, ìlú gbìyànjú láti dí ihò yẹn, ilé ẹjọ́ sì ní ní 2022 pé kò ní agbára bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n dáàbò bo ìkarahun, wọ́n sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lójú pópó. Láti 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tó tààrà jù: ó ń ra àwọn hòtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, ó ń fi wọ́n sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè. Nígbà tó ṣe, ó tún mẹ́tàlá nínú wọn ṣe, nǹkan bí 900 yàrá, ní iye tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 143 dọ́là Kánádà, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Owó náà pọ̀, ẹni tó bá ní àtúnṣe kì í náni lówó púpọ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àìtúnṣe ń ná ni. Hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó kọjú síra wọn ní òpópónà Hastings, Balmoral àti Regent, tí àwọn aládàáni ni, bàjẹ́ débi pé ìlú pàṣẹ kí gbogbo ayálégbé jáde, ti àkọ́kọ́ ní 2017, èkejì ní 2018. Ìlú fi agbára òfin gbà wọ́n ní 2019 lórí dọ́là kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ó sì parí sí pé mílíọ̀nù tó lé ní mọ́kànlá ló san. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Balmoral kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ní Toronto, iná ló ṣí wọn lójú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, Rupert Hotel jóná, èèyàn mẹ́wàá kú. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, ìlú àti ìjọba ìpínlẹ̀ para pọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi owó ìlú tún yàrá tó lé ní 500 ṣe tàbí kí wọ́n pèsè wọn. Síbẹ̀, títí di oṣù Kẹta ọdún 2024, irú ilé yìí ṣì lòdì sófin ní apá tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, bíi Scarborough àti North York. Ilé tí òfin kò mọ̀ kò lè jáde wá béèrè owó àtúnṣe, torí ẹni tó bá jáde wá yóò kọ́kọ́ rí ìwé pé kó ti ilé pa.  Ẹ jẹ́ ká padà sí New York, níbi tí àdéhùn ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ Common Ground, tí Rosanne Haggerty dá sílẹ̀ ní 1990, gba Times Square Hotel, ó sì sọ ọ́ di ilé yàrá 652 tí òṣìṣẹ́ olówó kékeré àti àwọn tó ti sùn níta rí jọ ń gbé. Ẹ̀dínwó owó orí wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ náà, irú ohun èlò tó jọ J-51, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí àdéhùn ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé yàrá náà kò ní kúrò lọ́wọ́ tálákà. Èmi ò mọ ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ: owó orí ni ti àkọ́kọ́, owó orí ni ti èkejì, ìlú kan náà ni, ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín wọn ni ìwé àdéhùn.

Ní Èkó, ìbẹ̀rù àrùn ni owó ìlú fi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹ̀wádún 1920 ló bí àjọ tó ń tún ìlú ṣe, LEDB, ní 1928. Láti 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń kó ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris tó ṣèwádìí láàárín wọn kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1961: ilé tuntun dára, àmọ́ ìyá alájàpá pàdánù oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù, ìdílé tó ń gbé ojú kan túká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ kò lè padà, torí owó ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe náà ti ga ju agbára wọn lọ. Ọdún márùn-ún kí òmìnira tó dé ni wíwó yẹn bẹ̀rẹ̀, ìrònú náà kò sì tíì yí padà púpọ̀. Ètò àtúnṣe àdúgbò tí wọ́n ń pè ní LMDGP, tí Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún láti 2006 títí di 2013 mú àdúgbò mẹ́sàn-án, àwọn bíi Agége, Àjegúnlẹ̀, Àmùkòkò, Mákòkó àti Bariga. Wọ́n ṣe títì, wọ́n la gọ́tà. Ó dára. Owó náà dé gbogbo ibi tó yí yàrá ká, kò wọ inú yàrá. Badia náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ibẹ̀ sì ni katakata wọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013 tó wó ilé nǹkan bí 9,000 èèyàn, gẹ́gẹ́ bí Amnesty International ṣe kà á. Bí títì àti gọ́tà bá ti dé, iye ilẹ̀ ń gòkè, onílé tó wà létí rẹ̀ sì ti rí ìdí tuntun láti wó ilé tàbí láti fi kún owó. Àtúnṣe tí kò sí àdéhùn nínú rẹ̀ kò nílò kó wọ inú ilé kó tó lé ayálégbé.

Kí ni à bá wá ṣe? Àwọn ohun tó ń pa èèyàn ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ bá: wáyà iná, ògiri tó sán, ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń jò sínú kànga, ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tí sítóòfù àti kẹ̀ẹ̀gì kẹrosíìnì dí. Ara kíkùn kò sí níbẹ̀. Owó náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ gbèsè tí onílé yóò fi kún owó yàrá. Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀yáwó tí wọ́n kọ sórí ilé náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀, tí apá kan rẹ̀ ń di rírẹ́ lọ́dọọdún tí onílé bá pa àdéhùn owó yàrá mọ́, fún ogún ọdún ó kéré tán. Ní ọjọ́ tó bá fẹ́ ta ilé, àdéhùn bá ilé lọ, ẹgbẹ́ ayálégbé tàbí ẹgbẹ́ aláàánú sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ dá iye. Chicago ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ láti 2014, tí onílé gbọ́dọ̀ fi 180 ọjọ́ wá olùrà tí yóò jẹ́ kí owó yàrá wà ní agbára tálákà. Yàrá méjì-méjì ni kí wọ́n máa tún ṣe, kí ayálégbé má baà kó jáde kó má rí ọ̀nà padà. Ìṣòro tiwa tó le jù ni ilé ẹbí. Bàbá kọ́lé, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, kò ṣe ìwé ìpíngún. Òfin àbáláyé kò sì fún ẹnì kan láṣẹ láti so ilé mọ́ àdéhùn láìjẹ́ pé Dáwódù àti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Èyí ń fa ìdádúró, lóòótọ́. Àmọ́ ìdí-igi kan náà tó ń dá ẹ̀yáwó dúró ló ń dá títà dúró, tí owó àtúnṣe bá sì tètè dé kí olùrà tó dé, ọ̀pọ̀ ẹbí ni yóò yàn láti máa pín owó ilé ju kí wọ́n pín owó tó máa tán lọ́dún kan.

Àtakò kan wà tí kì í ṣe ti òṣèlú: pé gbígbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin kò bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, pé ẹni tó bá ń tún un ṣe ń fi ìyà ṣe àṣà. Mo gbà pé ìyà wà níbẹ̀. Àmọ́ New York sọ ohun kan náà ní 1955, àwọn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún kò sì gba fúláàtì. Ìbọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tì. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìdílé ńlá kúrò nínú yàrá kan, kí ó sọ yàrá méjì di ọ̀kan fún wọn nígbà àtúnṣe, kí ó má sọ ilé di òkìtì. Àwọn tó ní ká kọ́ tuntun dípò àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ wọn, àwọn ilé tí Gómìnà Jákàńdè kọ́ ní Èkó láàárín 1979 sí 1983 ṣì ń gba ọ̀pọ̀ ìdílé sára dòní, ìlú tó ń dàgbà kò sì lè dá kíkọ́lé dúró. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í kọ́ yàrá kan. Fúláàtì ló ń kọ́, ẹ̀yìn ìlú ló ń kọ́ ọ sí, ẹni tó ní owó ìdákówó lọ́wọ́ ló sì ń gbà á. Kò sí ilé tuntun tí yóò dé iye yàrá Mushin láìka iye ọdún.

Àtakò tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni ti owó jíjẹ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó ìrànwọ́ nílùú wa yóò béèrè pé kí ló máa dá orúkọ onílé tí kò nílé dúró nínú ìwé. Kò sí ohun tó lè dá a dúró tán. Ohun tó lè dín in kù ni pé kí owó má lọ sọ́wọ́ onílé rárá, kó lọ sọ́wọ́ oníṣẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n lẹ orúkọ ilé, iye yàrá àti owó tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ara ilé náà níwájú ìta, níbi tí ayálégbé lè kà á. Ayálégbé ni akọ̀wé ìṣirò tó dá mi lójú jù, torí òun ló máa san àfikún tí wọ́n bá parọ́. Òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 kọ ọ́ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, gbogbo ènìyàn sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ òfin náà mọ́lẹ̀, torí ayálégbé kan ṣoṣo kò lè gbé onílé lọ sílé ẹjọ́ kó tún padà wá sùn sílé rẹ̀. Ilé tó bá ti gba owó ìlú yàtọ̀: àjọ tó yá wọn lówó fúnra rẹ̀ ló ni ẹjọ́ náà, gbèsè tí kò tíì rẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi mú onílé.

Ìjọba tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, torí ibẹ̀ ni ilé ti ń wó, tí ìròyìn sì ń dé. Lẹ́yìn tí ilé alájà wó ní Ìta Fàájì ní oṣù Kẹta ọdún 2019 pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé nínú rẹ̀, ó ṣòro láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kì í ṣe ibẹ̀. Síbẹ̀, Mushin ni èmi ìbá mú, àti Agége lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ti gbówó lórí débi pé ogún ọdún àdéhùn níbẹ̀ yóò ná ìjọba tó owó tí yóò tún ilé tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ní Mushin, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ sì ti kọjá àtúnṣe, wọ́n nílò kí àwọn ayálégbé jáde láyè kíákíá. Ní Mushin, ògiri ṣì dúró, onílé ṣì ń gbé yàrá iwájú nínú ọ̀pọ̀ ilé, olùrà kò tíì máa kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, bọ́ọ̀sì BRT sì ń gba ibi tí kò jìnnà sí i kọjá. Ìgbà tí yàrá kò tíì wu olówó ni àdéhùn lórí rẹ̀ kì í wọ́n.